Òrùka Ìtọ́kọ̀ Nínú Garawa Àlùwàlá

Ariwo ló gba àdúgbò Títírù kan lọ́jọ́ náà. Àbí kí lẹ fẹ́ kó gbà á? Odindi ọkọ̀ ojú omi onírin ló jókòó síwájú ilé Ìyá Mùfúlíátù, ní Párákú tí kò létí odò! Kàsìmáwò, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ló jó irin rẹ̀ pọ̀. Kàmíọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tó máa gbé e lọ sódò Ọya ní Malanville ti dé, Kàsìmáwò fúnra rẹ̀ ló sì máa tu ú, táá máa kó àwọn àgbẹ̀ sọdá lọ sóko àlùbọ́sà. Àwọn aráàdúgbò ò yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Kàsì, ṣé ò ń dúró de òjò ni?"

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àsánátù, ló ṣe ibi tí ìtọ́kọ̀ tó ń darí ọkọ̀ ti ń yí. Àdúgbò Banikánní ló ti ní ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ́ irin. Opó ìtọ́kọ̀ gba inú páìpù kan nísàlẹ̀ ọkọ̀ wọlé wá bá ọwọ́ atukọ̀. Inú páìpù yìí ni Àsánátù ki òrùka ike líle sí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní kusinẹ́: ọ̀kan lókè láti gbé ìwúwo ìtọ́kọ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀ kó má baà máa fì. Ó wá fi rọ́bà dè é lókè, kí omi má gun opó wọlé. Ó mú kí opó àti òrùka wọ ara wọn débi pé irun orí ò lè ráyè kọjá. Gbogbo ẹni tó rí i ló ń kan sáárá sí i, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn.

Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ garawa láti ṣe àlùwàlá ìrun àsárì, ni ọwọ́ rẹ̀ bá kan nǹkan nísàlẹ̀ omi. Kusinẹ́ kan ni, àfikún tó ṣe pọ̀ mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, ìwọ̀n kan náà gẹ́lẹ́. Ó ti ń wá a tipẹ́.

"Ìyá, ta ló ju èyí sómi?"

"Èmi ni. Mo fi ń tẹ ife mọ́lẹ̀, kó má máa léfòó."

Àsánátù rẹ́rìn-ín. Ó gbé e lọ síbi àjákù páìpù ọkọ̀ náà, èyí tó ti ń wọ̀ wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò wọ̀. Ó tì í. Kò wọ̀! Ó ti wú.

Àyà rẹ̀ já. Ike ń mu omi bíi gàrí! Èyí tó wà nínú ọkọ̀, irin ló há a mọ́ yíká, kò ríbi wú sí lóde. Inú ló máa wú sí, á sì gbá opó ìtọ́kọ̀ mú pinpin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa tì í láàárín odò, kò ní yí, omi á sì máa gbé tòun tèrò lọ. Yéè! Ẹ̀rọ ìlọta àti alùpùpù ló ti ń ṣe látọjọ́ yìí, nǹkan orí ilẹ̀ gbígbẹ. Ta ló rántí omi?

Ó sáré bọ́ síta láìbo orí. Wọ́n ti ń fokùn de ọkọ̀ mọ́ kàmíọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró! Ẹ tú ìtọ́kọ̀ yẹn!"

"Kí n tú kí ni? Ṣé orí ẹ pé?"

"Iṣẹ́ mi ò dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u."

Láti kékeré, Kàsìmáwò ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí lẹ́nu rẹ̀. Ó mú sípánà láìjanpata.

Àsánátù gbé àwọn kusinẹ́ lọ sí Banikánní, ó fi ẹ̀rọ bó inú wọn díẹ̀ kí ihò wọn lè fẹ̀, ó sì gbé wọn padà wá. Nígbà tí wọ́n tò ó tán, opó náà ń dún gbẹ̀kẹ̀ gbẹ̀kẹ̀. Nàjíbù, awakọ̀ kàmíọ̀, bú sẹ́rìn-ín.

"Èyí tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀ ló wá ń jó yìí! Ọ̀gá, ẹ kúuṣẹ́ o!"

"Jẹ́ kó mu omi ná," ni Àsánátù fi dá a lóhùn.

Kàsìmáwò wò ó lójú. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú." Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń bi í léèrè: Bó bá ti bó o jù ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gun kàmíọ̀, wọ́n lọ.

Nígbà tí fóònù dún lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ó sáré gbé e. Kàsìmáwò ni.

"Àsánátù! Mo yà á sọ́tùn-ún, ó yà! Mo yà á sósì, ó yà!"

"Gbẹ̀kẹ̀ gbẹ̀kẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ó ti dákẹ́ láti àná."

"Omi ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ṣé kò gba ara opó wọlé?"

Kàsìmáwò rẹ́rìn-ín. "Ìdí opó yẹn gan-an ni mo tẹ́ ẹní sí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán lórí ẹ̀ ni. Ẹní náà gbẹ."