Ọjọ́ Tí Bàálù Já Ní Ìdí-Ẹmi

Àdùkẹ́ ò kí Ògúndìran, Ògúndìran náà ò sì wojú rẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìdí-Ẹmi, abúlé kékeré kan lẹ́bàá Ìlerò, láti ọjọ́ tí bàálù já sínú ọ̀dàn. Lọ́dọọdún, àwọn ẹbí èrò tó kú máa ń wá gbàdúrà níbẹ̀. Ògúndìran, olórí ọdẹ, á wá dìde, á gbọ́n agbádá, á ní, "Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn kú. Wọn ò jẹ̀rora." Irọ́ gbuu! Irọ́ tí ò ní oríkèé!

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni bàálù náà já. Àwọn ọdẹ abúlé kejì ti ránṣẹ́ pé àwọn máa sun igbó lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá sì wọ igbó tí ẹlòmíràn dáná sun, olè ẹran ni. Nígbà tí èéfín rú, Ògúndìran rò pé iná wọn ni, ó ní kí ẹnikẹ́ni má dé ibẹ̀. Àdùkẹ́ sáré dé láti oko iṣu, ó ń pariwo pé bàálù ni, pé èèyàn ṣì wà láàyè níbẹ̀.

"Obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín abúlé méjì ni?"

Ògúndìran dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọkùnrin. Àdùkẹ́ náà ta kú, ó ń bá a fa ọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n máa fi dé ibẹ̀, gbogbo èrò ti kú.

Lọ́dún yìí, Florence, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìsẹ́yìn, ò jẹ́ kí Ògúndìran sọ̀rọ̀ tán. Tolúlọpẹ́ ọmọ rẹ̀ wà nínú bàálù náà. "Bàbá, ta ló fojú ara rẹ̀ rí i?"

Ògúndìran ranjú mọ́ Àdùkẹ́. "Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ ṣọ́ ẹnu yín o."

Ẹnu tó ti ń yún un láti ọjọ́ yìí! Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a.

"Èmi ni, mà. Ọmọ yín ò tíì kú nígbà tí mo dé ibẹ̀. Ó dárúkọ ara rẹ̀ fún mi, ó ní kí n má lọ. Mo ní mo ń bọ̀, mo sáré wá pe àwọn ọkùnrin. Bàbá burúkú yìí ló dí wọn lọ́nà!"

Ariwo ta. Ògúndìran ń ṣépè, ó ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ojú Florence ni Àdùkẹ́ ń wò, ó ń retí kó kọjú ìbínú sí olórí ọdẹ.

Florence ò tilẹ̀ wo Ògúndìran. "Ó dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọkùnrin, mo gbọ́. Ìwọ tí ọmọ mi ní kí o má lọ, ta ló dì ọ́ mú tí o ò fi padà?"

Àdùkẹ́ rántí odidi wákàtí tó fi bá Ògúndìran fa ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó dì í mú.