Ihò Mẹ́rin Nídìí Òpó Ọkọ̀

Lọ́jọ́ tí ọmọ wọn obìnrin pè pé òun ń bọ̀ wá kó wọn lọ sí ilé òun, ìyá rẹ̀ aránṣọ ń fún aṣọ ìnura sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ni. Aṣọ ìnura kẹta nìyẹn láti àárọ̀. Òjò tó rọ̀ lánàá ṣì ń kán láti àjà, tó, tó, tó, sórí bẹ́ẹ̀dì tí bàbá dùbúlẹ̀ sí. Ọmọ náà ní òun fún wọn di ìparí oṣù: bí omi bá ṣì ń kán lé bàbá òun lórí, kí wọ́n ta ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé náà. Aránṣọ ní òun ti gbọ́. Kí ni ì bá tún sọ? Ọmọ kò parọ́.

Inú ọkọ̀ ojú omi ni tọkọtaya yìí ń gbé, ọkọ̀ kékeré kan tó ń fi ìgbòkun rìn, tí wọ́n so mọ́ èbúté láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Káfíńtà ọkọ̀ ni baálé. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan bẹ́ẹ̀dì, àpótí, àti tábìlì tí aránṣọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lé. Àwọn ará èbúté a máa fi aránṣọ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ kan àti ọkọ̀ kan ló ní, àwọn ò sì mọ èyí tó ń jowú èkejì. Àmọ́ ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ̀gbà kọlu káfíńtà lápá ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì já gaara, ṣùgbọ́n ọwọ́ kọ̀, kò lè di òòlù mú. Láti ìgbà náà ló ti kọjú sí ògiri. Bí aránṣọ bá bi í nípa omi tó ń kán, á ní kí ó lọ pe ẹlòmíràn.

Aránṣọ kò pe ẹnikẹ́ni. Ó ra gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí ihò, ó gun orí òrùlé yàrá ọkọ̀, níbi tí òpó tó gbé ìgbòkun dúró sí, ó sì fi gọ́ọ̀mù náà yí ìdí òpó ká bámúbámú. Ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí òjò rọ̀ lọ́jọ́ kẹta, omi tó ń kán tẹ́lẹ̀ di èyí tó ń ṣàn.

Ó gbé káfíńtà dìde kúrò nínú omi, ó mú un jókòó sórí àga, ó wá fi ìtìjú jẹ́wọ́ ohun tó ṣe. Káfíńtà wò ó títí.

“Ihò kékeré kan wà níwájú ìdí òpó yẹn,” ó ní. “Ṣé o dí i?”

“Mo dí i. Ṣebí ihò ni.”

“Òpó yẹn ṣófo nínú, Aránṣọ. Òjò ń gba orí rẹ̀ wọlé, ihò yẹn ló sì ń gbà jáde. O ti ilẹ̀kùn mọ́ omi, ló bá gba ojú ọ̀nà tí wáyà iná gbà láti inú òpó wá kí wa nínú ilé.”

Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Aránṣọ kọ́kọ́ rò pé ẹkún ni, àfi ìgbà tó rí i pé ẹ̀rín ni. Oṣù mẹ́rin gbáko kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Òun náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ nínú omi.

“Ẹ kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí,” ó ní nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀. “Ọwọ́ wà lọ́dọ̀ mi, ọgbọ́n wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká pa á pọ̀.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, káfíńtà fúnra rẹ̀ ló béèrè fún fìlà rẹ̀, tó ní kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ gòkè.

Awakọ̀ kirénì èbúté bá wọn yọ òpó náà, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀. Àwo irin tí òpó náà dúró lé ló kù lórí òrùlé, bóòtù mẹ́rin ló dè é mọ́ pákó. Aránṣọ fi sípánà tú wọn. Ẹ̀kẹta ṣe agídí títí ó fi fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbé àwo kúrò, pákó abẹ́ rẹ̀ ti dúdú. Ó ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ọ̀bẹ wọlé wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ó wọ búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sómi.

“Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti mọ̀ pé omi ń wọ ibẹ̀,” káfíńtà sọ wúyẹ́wúyẹ́. “Mò ń sọ pé ọ̀la, pé ọ̀la. Mo rò pé ọwọ́ mi ò níbi tó ń lọ.”

Aránṣọ na ṣíbí sí i, ó ní kí ó fi ibi tó ti jẹrà dé han òun. Káfíńtà fi ọwọ́ òsì gbà á. Ó ń fi ìdí rẹ̀ kan òrùlé, ó ń tẹ́tí: ibi tó bá dún kì, pákó ibẹ̀ le; ibi tó bá dún bí igbá òfìfo, ó ti bàjẹ́. Ó fi ẹfun yí i ká. Ìlà náà rí wọ́gọwọ̀gọ, aránṣọ kò sì sọ pé ó wọ́. Ibi tí ìlà náà bá gbà ló ń gbẹ́.

Wọ́n fi fáànù fẹ́ ojú ibẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún kó tó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n po gọ́ọ̀mù tó wà nínú ìgò méjì pọ̀, irú èyí tó máa ń le bí òkúta, wọ́n dà á sínú kòtò náà. Wọ́n ní kò sí ohun tó le tí kì í rọ̀. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì rí gọ́ọ̀mù yìí. Káfíńtà ní ibi tí bóòtù máa gbà, kí àwọn gbẹ́ ihò rẹ̀ fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí àwọn fi gọ́ọ̀mù dí i, nígbà tó bá le, kí àwọn wá lu ihò kékeré sáàárín rẹ̀. Bí omi bá tiẹ̀ wọlé, ara gọ́ọ̀mù ni yóò bá, kò ní kan pákó.

“Ihò bọ́tìnì nìyẹn,” ni aránṣọ wí. “A máa ń ran etí rẹ̀ ká kó má baà tú.”

Káfíńtà gbójú sókè. “Ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí,” ó ní, “n kò rí ẹni tó ṣàlàyé ẹ̀ báyẹn.”

Wọ́n fi páìpù kékeré kan tó ga sókè bí ọrùn ìgò ṣe ojú ọ̀nà wáyà, kí omi má lè fò ó wọlé. Aránṣọ ṣí ihò tó dí tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi gọ́ọ̀mù rírọ̀ tuntun sábẹ́ àwo irin, tó ń fún bóòtù, ara rẹ̀ ń yá a láti fún un dé òpin, ṣùgbọ́n káfíńtà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní bí ó bá fún un pa, gbogbo gọ́ọ̀mù á sá jáde, kò ní ku ohun tó máa dí omi. Kí ó ṣe sùúrù di ọ̀la, kó wá fún un tán. Lọ́jọ́ kejì, ó fún un tán. Awakọ̀ kirénì sì gbé òpó padà.

Ìparí oṣù pé, ọmọ wọn dé pẹ̀lú àpótí òfìfo méjì. Òjò tẹ̀lé e wọlé. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo àjà, ó ń retí. Òjò náà le, ó ń lu òrùlé kíkankíkan fún bíi wákàtí méjì. Ọmọ náà fi ọwọ́ pa àjà wò, ó tún pa á wò. Ó béèrè pé ta ló bá wọn ṣe é.

“Ìyá ẹ ni,” ni bàbá wí. “Èmi kàn jókòó ni.”

Ìyá ní kí ọmọ má dá bàbá rẹ̀ lóhùn. Ọmọ kò tún sọ ọ̀rọ̀ àpótí mọ́. Ìrìn àjò ti mú kó rẹ̀ ẹ́, ó na ẹsẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n tó mọ̀, ó ti sùn lọ. Aránṣọ fi aṣọ bò ó. Òun àti káfíńtà há ara wọn sídìí tábìlì ìránṣọ. Aránṣọ fa ọwọ́ ọ̀tún ọkọ rẹ̀ sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró ra ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí dókítà ṣe ní kí àwọn máa ṣe é, èyí tí káfíńtà ti ń kọ̀ fún un láti ọjọ́ yìí.

Lọ́tẹ̀ yìí, káfíńtà jẹ́ kó rà á dé ìka kẹta.

“Rọra,” káfíńtà ní, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ọmọ ń sùn.”