Ẹ Lù Ú Sáàárín Pápá

Ẹ má dá Quico lóhùn. Bó bá sọ fún yín pé ìgbéraga ló ń yọ èmi Eligio lẹ́nu, ẹ ní kó lọ tún ọ̀kadà ẹ̀ ṣe. Láti oṣù kìíní títí wọ oṣù kẹta ọdún yẹn ni a fi jà ní ṣọ́ọ̀bù Mireya, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ ohun tí mò ń jà fún. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ bẹ́sìbọ́ọ̀lù ni.

Ọ̀rọ̀ Wilkin ni. Wilkin Guílamo, ọmọ ọmọ mi, tí ìyá ẹ̀ fà lé mi lọ́wọ́ lọ́mọ ọdún mẹ́rin nígbà tó ń lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Sípéènì. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo kọ́kọ́ fi ìbọ̀wọ́ sí i lọ́wọ́, orí bẹ́ẹ̀dì mi ló ń sùn títí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi yọ kọjá etí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹgbẹ́ kan wá láti Amẹ́ríkà, wọ́n mú un lọ. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń wálé ní Kérésì. Ó di ọdún méjì tí wọn ò jẹ́ kó wá mọ́, wọ́n ní kó dúró lọ́hùn-ún kó máa ṣe ìdánrawò, torí wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ẹgbẹ́ àgbà, àwọn tí à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ibi tí wọ́n máa fi í sí ni wọn ò tíì mọ̀, nítorí ipò méjì ló ń gbá. Nígbà mìíràn á lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó ń lu bọ́ọ̀lù, á máa gba ohun tí ajubọ́ọ̀lù bá jù. Nígbà mìíràn á dúró láàárín pápá, lẹ́yìn lọ́hùn-ún, á máa sáré lé èyí tó bá fò lọ jìnnà.

“Ẹṣin ni ọmọ yẹn!” Quico á pariwo, á lu tábìlì títí ayò dómínò á fi fò sókè. “Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, ta ló ń mú ẹṣin lóṣòó? Àárín pápá ni kí wọ́n fi í sí, kó máa sáré!”

Tíṣà Leocadio á wá ṣí ìwé ẹ̀. Òun ló kọ́ ìdajì ìlú wa ní ìṣirò, gbogbo ohun tí Wilkin bá ṣe lọ́hùn-ún ló ń kọ sílẹ̀. “Ligio, fetí sílẹ̀. Igba bọ́ọ̀lù ló fò lọ bá a láàárín pápá lọ́dún tó kọjá. Méjì péré ló já bọ́. Méjì! Bí o bá mú irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóṣòó, o ṣẹ Ọlọ́run.”

“Apá ẹ̀ ńkọ́?” èmi náà á ní. “Orí ẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó lóṣòó ló ń darí gbogbo pápá. Òun nìkan ló kọjú sí gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ tó gbọ́n bẹ́ẹ̀ ṣọ́ koríko fún mi.”

“Hẹ̀n-ẹ́n! Mo mọ̀!” Quico á fò dìde. “Torí pé ẹ̀yin náà lóṣòó fún ẹgbẹ́ bẹ́sìbọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ ṣúgà fún ọdún mẹ́rìndínlógún ni! Ẹ fẹ́ kí ọmọ ṣe bíi tiyín. Ẹ wo ibi tó gbé yín dé, Bàbá Ligio. Ọ̀pá lẹ fi ń rìn!”

“Bàbá ẹ ló ń fi ọ̀pá rìn.”

“Bàbá mi ti kú, ẹ̀yin àgbà yìí.”

“Ariwo ẹnu rẹ ló pa á.”

Ibẹ̀ ni wọ́n á ti rẹ́rìn-ín títí iná á fi lọ, torí iná tiwa kì í pẹ́ lọ, kálukú á sì wá afẹ́fẹ́ gbà lọ síta. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò pé ìgbéraga ni. Ó sàn kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ju kí wọ́n ṣàánú mi lọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rè é. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní oṣù kìíní, wọ́n ń fi ìdíje ilé wa níbí hàn lórí tẹlifíṣọ̀n Mireya. Èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Dípò kí n máa wo bọ́ọ̀lù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹni tí kámẹ́rà ń wò. Mo bu ẹ̀wà pupa nínú àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí wọ́n bá fi ẹni tó lóṣòó fún ẹgbẹ́ kan hàn, màá ju ẹyọ kan sínú fìlà mi. Bí wọ́n bá fi ẹni àárín pápá wọn hàn, màá ju ẹyọ kan sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí eré parí, ẹ̀wà mọ́kànléláàádọ́jọ ló wà nínú fìlà. Ti àpò ṣẹ́ẹ̀tì, mọ́kànlá.

“Kí lẹ̀ ń fi ẹ̀wà mi ṣe?” Mireya ló dúró lé mi lórí yẹn, ó fọwọ́ bàdí. Obìnrin tó ń dá bójú tó ṣọ́ọ̀bù láti ìgbà tí ọkọ ẹ̀ ti kú, ẹnu ẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tó fi ń gé wàràkàṣì lọ.

Irọ́ ò tètè wá sí mi lẹ́nu, ni mo bá sọ òótọ́. Mo fi fìlà hàn án, mo fi àpò hàn án.

Ó wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀. “Ẹni tó lóṣòó máa ń dé ìbòjú irin. Ẹ ò ní rí ojú ẹ̀.”

“Ta ló ń wá ojú? Mo mọ bó ṣe ń gbé èjìká òsì. Mo mọ bó ṣe ń fi ọwọ́ nu itan. Mọ́kànléláàádọ́jọ, Mireya, lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Àárò ọmọ yẹn fẹ́ pa mí.”

“Ẹ da ẹ̀wà mi padà sínú àpò,” ó ní, ó sì wọlé lọ. Nígbà tó jáde, kọfí ló gbé síwájú mi. Kò sọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kẹta, Wilkin pè mí. Ẹnu àtẹ̀gùn ilé mi ni mo jókòó sí, mò ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

“Bàbá, wọ́n ní kí n wá fèsì lọ́jọ́ Ajé. Bí mo bá gbà láti máa lóṣòó, oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n á gbé mi sókè, torí ẹni tó ń ṣe é fún wọn ti fẹ́ fẹ̀yìn tì. Bó bá jẹ́ àárín pápá ni, ẹnìkan wà níbẹ̀, màá dúró, bóyá títí di oṣù keje. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá ṣe.”

Oṣù tó ń bọ̀! Ẹnu mi ti là. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi, lóṣòó, ọmọ mi, lóṣòó. Mo wá gbọ́ tó ṣe “yéè” díẹ̀ bí ẹni tó ń jókòó.

“Kí ló ṣe ọ́?”

“Kò sí nǹkan, Bàbá. Orúnkún lásán ni, bí mo bá ti lóṣòó lọ́jọ́ mẹ́ta léraléra. Mo ti mọ bí mo ṣe ń ṣe é. Ẹ̀yìn ni mo fi ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.”

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ta tún ni? Ṣebí mo máa ń rí yín láràárọ̀.”

Àtẹ̀gùn ilé mi kò ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ. Ogún ọdún rèé tí mo ti ń fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, tí mo ń di férémù ilẹ̀kùn mú, tí mo ń bú ẹni tó kọ́ ọ. Mo ro ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tó ń fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ ní ìlú òtútù. Inú bí mi. Mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí, ṣùgbọ́n mo fi jágbe mọ́ ọn.

“Àárín pápá! Ṣé o gbọ́ mi? Àárín pápá ni kí o lọ, kí o máa sáré. Bó bá ṣe ọdún mẹ́wàá, kí o dúró dè é!”

“Wọ́n ní ẹ̀ ń jà ní ṣọ́ọ̀bù pé kí n ṣe bíi tiyín.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Quico? Wèrè ni Quico.”

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù pé wọ́n ti borí. Ẹ̀yin èèyàn mi, Quico jó. Ó gbé ìgbálẹ̀ Mireya, ó fi ń rìn bí ọ̀pá, ó ń ké pé, “Ẹ gbà mí, ẹ gbà mí, àgbà ṣubú!” Leocadio náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń kọ déètì sínú ìwé. Mi ò ní agbára èébú kankan lọ́jọ́ yẹn.

Mireya ló gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. “Jókòó, ọ̀dẹ̀,” ló wí. Ló bá sọ ti ẹ̀wà fún wọn, mọ́kànléláàádọ́jọ àti mọ́kànlá. Mo ní kó pa ẹnu mọ́, kò gbọ́. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó wò mí lójú. Quico kó ayò dómínò jọ, ó ń tún wọn tò, ó ń tún wọn tò.

Oṣù keje ni wọ́n gbé Wilkin sókè lóòótọ́. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni, ìlú àwọn alátakò ni wọ́n ti ń gbá a. Ṣọ́ọ̀bù kún débi pé àwọn kan gun orí páálí ọtí. Iná ò sì lọ, ohun tí a kì í rí. Wọ́n dárúkọ ẹ̀, wọ́n fi í hàn bó ṣe ń sáré lọ sáàárín pápá, ìṣẹ́jú kan ò tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di nǹkan kékeré funfun lẹ́yìn lọ́hùn-ún, bí àmì ọ̀rọ̀. Nígbàkigbà tó bá kàn án láti gbé igi lu bọ́ọ̀lù, kíá ni wọ́n ń lé e jáde, kámẹ́rà á sì yà á kọjá. Ẹlòmíràn ló lóṣòó, ọmọ ẹlòmíràn tí mi ò mọ̀ rí, òun ni mò ń rí ṣáá.

Ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Wilkin náà tún wá gbóná lọ́jọ́ yẹn. Kò jẹ́ kí alátakò lu nǹkan kan, bọ́ọ̀lù kankan ò sì fò dé ọ̀dọ̀ Wilkin kí kámẹ́rà lè wò ó. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, inú wa ì bá dùn.

“Kí ló ń ṣe ajubọ́ọ̀lù yìí?” Quico béèrè ní abala kẹfà. “Kò lè jù ú wẹ́rẹ́ kí wọ́n lù ú?”

Leocadio bọ́ jígí ojú ẹ̀. Ọkùnrin tí mi ò gbọ́ kó pariwo rí láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ó dìde, ó ké sí alátakò pé, “Lù ú sáàárín, ọmọ mi! Sáàárín pápá!”

Bí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ṣe gbà á nìyẹn. “Ẹ lù ú! Ẹ lù ú sáàárín!” Mireya ń lu ìdérí ìkòkò. Ọ̀gbẹ́ni tó gbé omi dídì wá fún un dúró lẹ́nu ọ̀nà, yìnyín ń yọ́ sí i léjìká. Ó ní, “Ẹ dákun, ṣebí ẹgbẹ́ ọmọ yín ló ń ju bọ́ọ̀lù? Ṣé orí yín pé?”

“Gbé yìnyín rẹ sílẹ̀, kí o pariwo tàbí kí o máa lọ,” Mireya dá a lóhùn.

Abala kẹsàn-án, èyí tó kẹ́yìn, ẹgbẹ́ Wilkin fi àmì kan péré síwájú, alátakò kan sì ti dúró lójú ọ̀nà, ó ń retí àtisáré wọlé gba àmì. Ọkùnrin gìrìwò kan gbé igi. Ajubọ́ọ̀lù jù ú. A gbọ́ ìró ẹ̀, ó dún kòó! Kámẹ́rà gbé ojú sókè, ó ń bá bọ́ọ̀lù lọ, ó ń lọ, ó ń lọ sáàárín.

Ó sọ ṣọ́ọ̀bù di ọjà. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, orúkọ ìdílé mi gbòòrò léjìká ẹ̀, GUÍLAMO, ó ń sáré lọ bí ẹṣin tí Quico pè é. Ó dé ẹsẹ̀ ògiri, ó fò, mi ò rí ènìyàn tó fò bẹ́ẹ̀ rí. Bọ́ọ̀lù kan etí ìbọ̀wọ́ ẹ̀, ó sì ré kọjá sí òdìkejì ògiri, àmì méjì fún alátakò. Ó tán. Wọ́n ti pàdánù.

Quico ṣì ń fò sókè nígbà tí wọ́n fi ojú ẹ̀ hàn.

Torí pé ó ṣì í ni wọ́n ṣe pẹ́ lójú ẹ̀. Gbogbo tẹlifíṣọ̀n, ojú ọmọ mi. Ó ti hu irùngbọ̀n. Ó ti rù. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó deyín mọ́ ètè ìsàlẹ̀, bó ṣe deyín mọ́ ọn lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì ìyá ẹ̀ ṣí, tó ní òun ò ní sunkún. Wọ́n tún un fi hàn, wọ́n tún un fi hàn díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó pariwo mọ́. Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti oṣù kìíní ni mo ń wò yẹn, àwa la sì fi ẹnu wa bẹ̀ ẹ́ wá. Mo na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n bí aláìmọ̀kan.

Kò tó wákàtí kan, fóònù mi dún. Wọ́n ṣì ń fi í hàn.

“Bàbá, ṣé ẹ wò ó?”

Mireya sáré pa tẹlifíṣọ̀n. Quico pa fáànù tó ń yí lókè.

“Wo kí ni?” mo ní. “Láti àárọ̀ ni iná ti lọ. A kàn jókòó nínú ooru níbí.”

“Ẹ ò rí nǹkan kan?”

“Kí la fẹ́ fi rí i? Àbẹ́là? Orúnkún rẹ ńkọ́?”

“Kò dùn mí mọ́, Bàbá.” Ó mí kanlẹ̀, mo gbọ́ bí ara ẹ̀ ṣe fúyẹ́. “Ó dáa tí iná lọ. Ẹ ò rí mi rárá?”

“Rárá o,” mo ní. “Mi ò tíì rí ọ. Ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé?”