Ìlà Kan Nínú Ìwé Àṣẹ

"Ìyàwó Láńre, ta ló ní kí o fi ìlà yìí kún un?"

Nọ́ọ̀sì Kafilat gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka iwájú Moríyọ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù tí ìyẹn ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Rumuigbo.

"Èmi ni, Àǹtí. Ọkọ mi ló ṣáà ṣe é."

Láńrewájú ló ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ìwọ̀n oògùn tó yẹ ọmọdé. Ó fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ ìwé àṣẹ kan tí gbogbo ayé mọ̀: kí ẹni tó bá wù lò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn tó kú, Moríyọ̀ fi ìlà kan kún ìwé àṣẹ náà: *Ilé ìwòsàn tó bá lé aláìsàn padà nítorí owó kò gbọdọ̀ lò ó.* Ẹnu géètì irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ni Láńrewájú kú sí, nínú mọ́tò, lórí itan Moríyọ̀.

Kafilat rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo mọ ohun tó ń dùn ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá wa bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn wa ní Rumuokwurushi ní òun ò lè so ó mọ́ ètò àkọsílẹ̀ aláìsàn wa mọ́. Àwọn tó ṣe ìyẹn náà ti fi tiwọn kún ìwé àṣẹ: iléeṣẹ́ epo ò gbọdọ̀ lò ó. Àwọn tó ṣe ti àjẹsára ní àfi Kristẹni. Èmi Kafilat ńkọ́? Ìwé àṣẹ mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èèwọ̀ tirẹ̀! Kò sí bí a ṣe fẹ́ dà wọ́n pọ̀ ká má rú òfin ọ̀kan. Abeg, na lawyer I go carry come before I treat pikin?"

Moríyọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rẹ́rìn-ín.

"Báwo lẹ ṣe wá ń ṣírò oògùn?"

"Orí bébà. Lánàá, ó ku díẹ̀ kí n fún ọmọ ọdún méjì ní ìlọ́po méjì."

Moríyọ̀ fa kọ̀ǹpútà náà mọ́ra.

"Àwọn ará géètì yẹn ńkọ́, Àǹtí?"

"Wọn ò mọ̀ pé ó wà. Àwa tí kì í lé èèyàn ni ìlà rẹ ká lọ́wọ́ kò."

Moríyọ̀ ṣí ìwé àṣẹ náà. Ó wo ìlà rẹ̀ títí, ó sì pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ṣí ojú ìwé tí gbogbo ẹni tó bá gba ètò náà máa ń kọ́kọ́ kà, ó sì rọra tẹ nǹkan síbẹ̀.

Kafilat na ọrùn wò ó. "Òfin tún nìyẹn?"

"Rárá o, Àǹtí. Ẹ̀bẹ̀ ni."

*Láńrewájú ló ṣe èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí géètì.*