Ohun Tí Àbúrò Mọ̀ Ọ́n Tún Ṣe

"Ìyá, ta ló fi nǹkan yìí sínú kọ̀ǹpútà yín?"

Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe náà kò gbé ojú sókè bó ṣe ń béèrè. Onírùngbọ̀n funfun ni, ó wọ awò ojú kan sí imú, ó gbé òmíràn lé orí. Ó ti tẹ bọ́tìnì títí, ojú kọ̀ǹpútà ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìlà funfun kékeré kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú ní igun rẹ̀ lókè.

"Àbúrò mi ni," obìnrin náà dáhùn. Ògbufọ̀ ni, ó sì ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún.

"Línúsì nìyí. Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ni, kò sí ẹnì kan tó ni ín. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló pawọ́ pọ̀ kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ló lè ṣí inú rẹ̀ wò, kó tún un tò bó ṣe wù ú. Ó dára o, mi ò bú u. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe." Ó fi ọwọ́ kan gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká náà sókè. Pẹlẹbẹ ni, kò nípọn ju ìka àárín lọ, irú èyí tí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ máa ń há sí abíyá wọ ìpàdé. "Ara rẹ̀ ṣì le. Ẹ jẹ́ kí n nù ún mọ́ pátá, kí n fi èyí tí gbogbo ayé ń lò síbẹ̀. Wákàtí méjì, ẹ ti gbà á."

"Iṣẹ́ mi tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn á bá a lọ. Àbí ẹ ti tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn?"

Kò tọ́jú nǹkan kan. Àbúrò rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà sì ti ní òun máa ṣe é lọ́la. Ọ̀la yẹn kò dé.

"Ẹ kúkú pe àbúrò yín," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹni tó di ẹrù ló mọ ibi tí kókó okùn wà."

Ògbufọ̀ na ọwọ́ gba kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó dì í mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tí ibà ń ṣe, ó sì jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà kò ju báyìí lọ. Kọ̀ǹpútà sọ pé òun ń fi nǹkan tuntun sínú ara òun, kí ẹnikẹ́ni má pa òun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kan ilẹ̀kùn ilé náà. Ara ògbufọ̀ yá gágá, ó pa ìdérí kọ̀ǹpútà dé, ó sáré lọ ṣílẹ̀kùn, ó ń tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe bó ṣe ń lọ. Obìnrin kan tó gbé àpótí dání ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ilé kejì ló ń wá. Ògbufọ̀ júwe rẹ̀ fún un, ó júwe rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé onítọ̀hún béèrè, ó sì dúró wò ó títí ó fi wọlé. Nígbà tó padà débi iṣẹ́, kọ̀ǹpútà lọ́ra láti jí. Ó fi ìbínú tẹ bọ́tìnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi kú pátápátá.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ kì í gbé e jáde. Orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ ń gbà dé, ibẹ̀ náà ló ń gbà lọ. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé bó bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, tó fẹ́ kí olùtajà, ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ há, á ní láti wúkọ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde, nítorí pé láti ìjẹta kò tíì bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ará ibòmíràn ló kún ẹnu rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kò sì sí ẹni tó ń bá a sọ tirẹ̀.

Bó ṣe wọlé ni fóònù dún. Obìnrin tó ń pín iṣẹ́ fún un ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ìwé ránṣẹ́ títí, ẹ ò dáhùn. Agogo méjì ni o! Ìwé ìlò oògùn àwọn ọmọdé ni, ilé ìwòsàn ń dúró dè é."

"Ó ku ojú ìwé mẹ́ta péré."

"Tó bá ti di agogo méjì tí mi ò rí i, ẹlòmíì ni màá gbé e fún o. Ẹ má bínú. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé láàárín oṣù yìí."

Aago ti lu mọ́kànlá. Ògbufọ̀ jókòó, ó ń wo orúkọ tó wà nínú fóònù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Onígáàsì. Oníṣègùn eyín. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti kú, tí kò lè pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó kan orúkọ tó ń sá fún: Tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ìyá wọn ṣe ń pe àbúrò náà nìyẹn láti kékeré.

Ó ti tó ọdún méjì tí wọn kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìyá wọn ṣàìsàn fún ọdún mẹ́ta nínú ilé yìí, ògbufọ̀ ló sì ń gbé e dìde, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìlú mìíràn ni Tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ara ìyá wá bàjẹ́ gan-an, ó wá fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdí bẹ́ẹ̀dì ìyá ló jókòó sí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọjú sí. Ó ní ètò tó wà nínú rẹ̀ ti wúwo jù, bí ìgbín ló ń rìn, òun fẹ́ fi Línúsì rọ́pò rẹ̀. Ó ń tú u, ó ń tò ó, ó ń ṣàlàyé fún ìyá tí kò mọ ohun tó ń sọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tó padà lọ, ìyá kú. Ní ọjọ́ ìsìnkú, bí Tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe bú sẹ́kún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí lójú gbogbo ẹbí pé, "Ẹni tí kò gbé ìyá rẹ̀ dìde rí, ẹnu wo ló fi ń sunkún?" Tẹ́ẹ́rẹ́ nu ojú rẹ̀, ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ògbufọ̀ tẹ nọ́ńbà náà. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

"Ẹ̀gbọ́n?" Irin ń lu irin lẹ́yìn ohùn rẹ̀. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Kọ̀ǹpútà ni. Ó dúdú, kò tàn mọ́."

Ìró irin náà dáwọ́ dúró. Ògbufọ̀ rò pé Tẹ́ẹ́rẹ́ ti pa fóònù.

"Ẹ dúró kí n jókòó," Tẹ́ẹ́rẹ́ wí. Lífítì ni iṣẹ́ rẹ̀, àwọn àpótí tó ń gbé èèyàn lọ sókè ilé gíga, òun ló ń tún wọn ṣe. Orí ọ̀kan nínú wọn ló wà lọ́wọ́lọ́wọ́, ní àjà kọkànlá. "Kí lẹ ṣe fún un?"

Ó sọ fún un, títí kan ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn. Kò sọ pé ara òun yá gágá.

"Ó dáa. Ẹ tàn án. Bó bá ti ń tàn, ẹ máa tẹ bọ́tìnì tó wà ní igun òkè, lápá òsì. Léraléra. Ẹ má dáwọ́ dúró."

"Mo ń tẹ̀ ẹ́... Àkọsílẹ̀ kan jáde."

"Ẹ lọ sí ìlà kejì. Ẹ wọ ibẹ̀. Kí lẹ rí?"

"Nọ́ńbà gígùn gígùn ni. Ọ̀kan ju èkejì lọ."

"Èyí tó pọ̀ jù ni tuntun, òun ni kò parí. Ẹ mú èyí tó kéré. Línúsì kì í ju ti àtijọ́ nù títí ti tuntun á fi dúró dáadáa."

Ògbufọ̀ mú un. Ọ̀rọ̀ funfun ya jáde bí òjò, ó ń sáré lọ sókè. Lẹ́yìn náà ni ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀: ìwé ìlò oògùn náà, àti àkójọ ọ̀rọ̀ ìṣègùn tó ti ń kó jọ láti ọdún mọ́kànlá, kò sí èyí tó dínkù.

Ó ya ẹnu láti sọ. Ó wá ronú pé bí òun bá ti sọ ọ́, Tẹ́ẹ́rẹ́ á ní "Ó dáa," á sì pa fóònù. Ilé á tún pa lọ́lọ́.

"Ó ṣì dúdú," ni ó wí.

"Ó ṣì dúdú?"

Ẹnu Tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọ̀rọ̀ ṣì wà nígbà tí àwọn ìwé tó ti ń dúró láti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: pín, pín, pín. Ògbufọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo kọ̀ǹpútà bí ẹni bo ẹnu ọmọ tó fẹ́ tú àṣírí.

"Ẹ jẹ́ ká dúró dè é nígbà náà," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí. "Ó máa ń pẹ́ nígbà mìíràn."

Wọ́n dúró. Ẹnìkan ń fi òòlù lu nǹkan lókèèrè.

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo mu tíì. Ìwọ ńkọ́?"

"Ó di ìgbà tí mo bá sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ mẹ́rin yẹn... ìyá ò ṣeé tún ṣe. Mo wò ó, mo rí i pé kò ṣeé tún ṣe. Ẹ̀yin ń gbé e, ẹ ń yí i, èmi ò mọ ibi tí màá ti dì í mú. Kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni ohun tí mo mọ̀ ọ́n tún ṣe nínú ilé yẹn."

Ògbufọ̀ ká ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ní gbogbo ọdún tó fi ń wá ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, kò tíì sí èyí tó wúwo tó ti òun fúnra rẹ̀.

"Ohun tí mo sọ lójú ẹbí kò dára," ni ó wí. "Ó ti rẹ̀ mí nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe àárẹ̀ ló sọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́. Má bínú."

"Mo gbọ́," Tẹ́ẹ́rẹ́ dáhùn.

"Kọ̀ǹpútà ti tàn."

"Mo mọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"O wá dákẹ́?"

"Ẹ̀yin náà ṣáà dákẹ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ògbufọ̀, ẹ̀rín kúkúrú tó ya òun náà lẹ́nu. Ẹnìkan ti ń pe Tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìsàlẹ̀, wọ́n fẹ́ kí ó gbé lífítì sọ̀ kalẹ̀.

"Mo ń bọ̀!" ó pariwo síbòmíràn. "Ẹ̀gbọ́n, ó ku ìlà kan tẹ́ ẹ máa kọ kí tuntun yẹn lè parí. Ẹ jẹ́ kí n pè é fún yín lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wéré."

"Rárá. Jẹ́ kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ mi ránṣẹ́ ná. Lọ dá wọn lóhùn." Ó fa àga sún mọ́ tábìlì. "Agogo mélòó lo máa ń ṣíwọ́?"

"Mẹ́fà. Tí ìlà yẹn bá wá—"

"Mi ò sọ ti ìlà. Bí mo bá tiẹ̀ rí i kọ fúnra mi, màá pè ọ́ ní agogo méje."

Irin lu irin lẹ́ẹ̀mejì kí Tẹ́ẹ́rẹ́ tó fèsì.

"Kí ló fẹ́ bàjẹ́ ní agogo méje?"

"Kò sí nǹkan tó fẹ́ bàjẹ́," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Mo kàn máa pè ni."