Igi Tí Mo Gbé Wá fún Ìyá Mi

N kò gba ọ̀rọ̀ iwin gbọ́ rí. Ẹni tó ń yẹ ara igi wò láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tó ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí èyí tí wọ́n máa gé, níbo ló ti fẹ́ ráyè iwin? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé tí mo ti wọ ilé ìyá mi, tí mo gbé àpò mi lé orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ni mo ti ń gbọ́ ohun tó ń jẹ igi nínú ògiri. Ọ̀sán gangan ni o. Ó ń dún kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́, bí ẹni ń fi èékánná họ pákó. Tí mo bá gbé etí lé ògiri, á dákẹ́. Tí mo bá jókòó, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo yí bẹ́ẹ̀dì, mo fi ọ̀bẹ gún férémù fèrèsé níkọ̀ọ̀kan. Igi ilé náà le koko. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó ti pé ọdún méjì tí ìyá mi ti kú. Súwẹ́tà rẹ̀ ṣì wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò sì lè ká a kúrò. Kì í ṣe òun ló gbé mi wá, iṣẹ́ ni. Igbó tó wà lẹ́yìn ilé ti ń kú, ọ́fíìsì wa tó ń bójú tó igbó sì fún mi ní ọjọ́ márùn-ún kí n wádìí bí kòkòrò náà ṣe dé ibẹ̀.

Kòkòrò yìí kéré, àwọ̀ ewé ni, ó sì ń dán. Òun fúnra rẹ̀ kò ṣe igi ní nǹkan kan. Ọmọ rẹ̀ ni ọ̀tá, ìdin funfun tó ń gbé abẹ́ èèpo, tó ń jẹ ọ̀nà tí omi ń gbà dé orí igi. Igi á wá máa gbẹ láti òkè bọ̀ wá sílẹ̀. Kòkòrò náà kò lè fò jìnnà. Àwa èèyàn la máa ń gbé e kiri nínú igi ìdáná, ìdí nìyẹn tí igi kankan kò fi gbọdọ̀ sọdá afárá odò wọ ìlú ìyá mi. Èmi ni mo kọ ìkìlọ̀ tó wà lẹ́nu afárá yẹn.

Nígbà tí mo wọ igbó, ó yẹ kí ewé ti ṣú bolẹ̀. Oòrùn ló bá mi níbẹ̀, ó ń tàn sí ibi tí kò tàn sí rí láti kékeré mi. Àwọn ẹyẹ ti sọ èèpo igi já wálẹ̀ láti wá ìdin, ara àwọn igi náà wá funfun báláú. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́.

Onígi ni gbogbo ayé ń nawọ́ sí. Ọgbà òun àti ti ìyá mi ló jọ pààlà, ó sì ti ń ta igi ìdáná láti ogójì ọdún.

"Ta ló tún kù?" ọ̀gá mi bi mí lórí fóònù. "Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ṣáà kọ orúkọ ẹ̀ wá, ká gba ìwé àṣẹ tó fi ń ta igi lọ́wọ́ ẹ̀."

Mo ní kó jẹ́ kí n kà á ná. Igi máa ń fi òrùka kan kún ara rẹ̀ lọ́dọọdún. Tí ìdin bá jẹ ẹ́, àpá á wà níbẹ̀, òrùka tó bá sì bo àpá náà ló máa sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Mo ní kí wọ́n gé igi mẹ́jọ. Àwọn tó wà lẹ́bàá ọgbà Onígi, àpá ọdún kan péré. Èyí tó pẹ́ jù, tó pé ọdún mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà tí ìyá mi ń to igi sí ló wà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù.

Nítorí mo mọ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá mi pè mí, ó ń wúkọ́, ó ní òtútù yìí máa pa òun. Igi gígé kún ọgbà ọ́fíìsì wa ní òdìkejì odò, níbi tí kòkòrò náà ti ń jà tẹ́lẹ̀. Mo ṣà lára rẹ̀, mo yí i lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò rí ihò kankan. Ta ló mọ igi jù mí lọ? Olójú Idì ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Mo wa mọ́tò kọjá níwájú ìkìlọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Ẹ̀ṣọ́ afárá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá," kò sì ṣí búùtù mi. Bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún ni mò ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ pé ihò kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ìwọlé, ibi tí kòkòrò gbà jáde ni. Èyí tó ṣì wà nínú igi kì í ní ihò. Ìgbéraga ni, kò lórúkọ mìíràn.

Mo lọ bá Onígi. Ó ń la igi.

"Ṣé èmi lo wá kùn lọ́dà pupa?" ó ní, ó sì ṣí fìlà han orí rẹ̀ tó pá. "Wò ó, èmi náà ti ń gbẹ láti òkè."

"Bàbá, èmi ni mo gbé e wá."

"Mo mọ̀." Ó gbé àáké sílẹ̀. "Lẹ́yìn òtútù ọdún yẹn, mo wá to igi fún ìyá ẹ. Mo rí ihò. Mo rí kòkòrò aláwọ̀ ewé lójú fèrèsé. Mo ní ká pe ọ́fíìsì yín. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní wọ́n á lé ọmọ òun lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. A sun gbogbo igi náà, ọjọ́ méjì gbáko, nínú ooru, àwa àgbàlagbà méjì. A rò pé a ti jó gbogbo ẹ̀ tán."

"Ẹ̀yin sì dákẹ́."

"Ó ní kí n búra. Ẹni tó bá bi í, á tẹjú mọ́ ọn, á ní òun ò rí nǹkan kan. Àràárọ̀ ló ń lọ fọwọ́ kan àwọn igi tó wà lẹ́bàá àtíbàbà títí tí kò fi lè dìde mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti wá ń bi mí, 'Ṣé wọ́n ti yọ ewé?' Mo máa ń ní wọ́n yọ. Ní ọdún tó kú, igi kan nínú wọn ò yọ ewé. Mo ṣì ní wọ́n yọ."

"Wọ́n máa gba ìwé àṣẹ yín, Bàbá!"

"Ìbúra tí mo ṣe fún ẹni tó ti kú, ta ni màá lọ bá pé kó dá a padà fún mi?"

Inú bí mi sí ìyá mi lọ́jọ́ yẹn ju bó ṣe bí mi sí i rí nígbà ayé rẹ̀. Ká ní wọ́n pè wá nígbà náà, igi tí a máa gé kò ní tó ogún. Ní báyìí, gbogbo igbó ni. Mo padà sínú yàrá rẹ̀, mo kígbe mọ́ súwẹ́tà lára ìṣó, mo sì sunkún títí ojú mi fi wú.

Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n pèpàdé sí gbọ̀ngàn iléèwé. Ọ̀gá mi jókòó níwájú, ó ti fi ìwé sórí tábìlì. Onígi gbé fìlà lé orúnkún, kò wo ẹnikẹ́ni. Mo dìde kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀, mo sì sọ ọ́: ọjọ́ tí mo kó igi, iye rẹ̀, ọ̀nà tí mo gbà. Ariwo sọ. Ẹnì kan ní kí wọ́n tì mí mọ́lé. Ọ̀gá mi kò lè wo ojú mi.

"Ìbéèrè kan kù nínú ìwé yìí," ó ní. "Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni rí i nígbà náà, tó dákẹ́?"

Èmi ni mo fi ìbéèrè yẹn síbẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ ọ́, mo ní ẹni tó dákẹ́ ń pa igi ju ẹni tó gbé e wá lọ, kí ìyà àwọn méjèèjì dọ́gba. Onígi gbé fìlà dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Mo tẹjú mọ́ ọn títí ó fi jókòó.

"Kò sí," mo ní. "Èmi nìkan ni."

Ọ̀gá mi kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní kí n wá fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i.

Ní ìta, Onígi dúró dè mí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. "Irọ́ lo pa yẹn," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Bí ìyá ẹ ṣe máa ń pa á gan-an nìyẹn," ó ní, ó sì gba àpò mi lọ́wọ́ mi.