Nígbà Tí Òkun Gbóná Mọ́ Iyùn

Bí Ẹja ṣe yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi báyìí, ìbéèrè ni bàbá rẹ̀ fi pàdé rẹ̀.

"Àwọ̀ wo ni wọ́n ní?"

Ẹja ni ìnagijẹ tí wọ́n fún ọmọbìnrin náà, nítorí òmùwẹ̀ ni. Òun àti bàbá rẹ̀ ló ń tún iyùn gbìn sísàlẹ̀ òkun: wọ́n á so ẹ̀ka tó ṣẹ́ mọ́ ọ̀pá irin títí á fi rẹ́ mọ́ ọn. Orúnkún ti dá bàbá dúró báyìí, inú ọkọ̀ ló ń jókòó sí.

"Wọ́n funfun, Bàbá."

"Díẹ̀ nínú wọn?"

"Gbogbo wọn ni. Funfun láúláú."

Bàbá tẹjú mọ́ omi. Òun ló kọ́ ọ nígbà èwe pé iyùn kì í ṣe òkúta, pé ohun ẹlẹ́mìí ni, àti pé ewé omi tíntìntín kan ń gbé nínú ẹran ara rẹ̀. Iyùn fún ewé nílé, ewé ń fi oòrùn se oúnjẹ fáwọn méjèèjì, òun náà ló sì ń kun iyùn láwọ̀. "Ayálégbé tó ń bọ́ onílé," bàbá á wí, á bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bómi bá gbóná jù, ìjà dé nìyẹn: iyùn á lé ewé jáde, ebi á wá dojú kọ onílé.

"Ká ta nǹkan bò wọ́n," ni bàbá wí níkẹyìn, "kí oòrùn lè rọjú."

Ẹja wá tápólì, ó fi okùn dè é mọ́ irin, ó ń wẹ̀ lọ wẹ̀ bọ̀ títí iyọ̀ fi bó o létè. Ìgbì fà á ya. Ó rán an, ó tún ta á. Ìgbì tún fà á ya.

Nígbà tó tún sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ohun yíyọ̀ kan bí ẹrẹ̀ ti bo iyùn tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ so kẹ́yìn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a kúrò. Eegun lásán ló kù lábẹ́ rẹ̀. Omijé kún inú awò tó fi bojú, kò sì sí bó ṣe lè nù ún.

"Wọ́n ti ń kú, Bàbá," ló wí nígbà tó yọrí.

Bàbá na ọwọ́ sínú omi, ó fi í síbẹ̀.

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun. Ta la fẹ́ bẹ̀ báyìí, ìyá mi?"

Ẹja di etí ọkọ̀ mú. Ta ló lè bu omi tútù la òkun? Ó gun ọkọ̀, ó jókòó ti bàbá rẹ̀, omi sì ń kán tótó lára rẹ̀ sílẹ̀.